Àpótí Kọ́bọ̀ Bàbá Ìbíwùnmí

Kò sí ẹni tí kò mọ àpótí náà ní àdúgbò wọn ní Ibafo. Káfíńtà kan ní Ifọ̀, níbi tí wọ́n ti bí Hàkímù, bàbá Ìbíwùnmí, ló bá a kàn án. Igi tó gbẹ dáadáa ni wọ́n fi ṣe é, ó ní ìdérí, ó ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì kùn ún títí ó fi ń dán. Àlejò tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ á rò pé wúrà ni wọ́n tọ́jú síbẹ̀. Kọ́bọ̀ ni. Kọ́bọ̀ àti náírà onírin tí ìjọba kó jáde ní ọdún 2007 ni, èyí tí gbogbo ìlú kọ̀, tí ìyá oníyọ̀ kò gbà, tí kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ kò gbà, tí alágbe pàápàá ń fi bú èèyàn bí wọ́n bá fún un.

Ní ọdún yẹn, awakọ̀ ni Hàkímù ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Ìkẹjà. Àpò-àpò ni wọ́n kó owó tuntun náà dé, àwọn oníbàárà sì ń tì í padà lójú fèrèsé. Hàkímù ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún owó oṣù òun. Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó gbé e wálé nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ẹyọ kan nínú rẹ̀ kò tíì kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣa èyí tó bá tún rí mọ́ ọn, ì báà jẹ́ nínú ṣẹ́ńjì búrẹ́dì, ì báà jẹ́ lẹ́bàá títì, ì báà jẹ́ nínú àpò ṣòkòtò ẹni tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ohun tí gbogbo èèyàn bá kọ̀, tí ẹnì kankan kò tọ́jú, yóò wọ́n lọ́jọ́ kan. Ó sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi sú àwọn èèyàn.

Sùwéébátù, ìyàwó rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú. Bàtà òkìrìkà àti báàgì ló ń tà ní ọjà Mowe, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Títà kọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Bí wọ́n bá tú bẹ́ẹ̀lì, bàtà tó ti gbó, tó ń rùn, tí ẹrẹ̀ ìlú òyìnbó ṣì lẹ̀ mọ́ nídìí, ló máa ń jáde. Sùwéébátù á rì í sínú omi ọṣẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, á fi ọṣẹ ìfọyín fọ etí rẹ̀ títí á fi funfun, á kùn ún, á ki bébà sí i nínú kí ó lè dúró. Bí oníbàárà bá fi máa dé, bàtà náà á ti máa dán lórí àtẹ bí ẹni pé àná ni wọ́n rán an. Ó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé inú ọpọ́n ìfọ̀ ni èrè wà, pé ẹni tó bá gbé ọjà tó dọ̀tí síwájú oníbàárà, ó rí oníbàárà náà fín ni.

Nígbà mìíràn ó máa ń rí owó onírin ilẹ̀ òkèèrè nínú àpò àwọn báàgì náà. Hàkímù ti bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, pé kí ó máa mú un bọ̀ fún òun. Á ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì á ti gbàgbé, á mú un fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi ta ayò. Bí ọkọ rẹ̀ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé kọ́bọ̀ fún un, ọwọ́ ló máa ń jù. Á ní, “Bàbá Ìbíwùnmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ fún.”

Hàkímù á rẹ́rìn-ín, á sì lọ sọ ọ́ fún Lukman. Lukman ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, awakọ̀ bíi tirẹ̀, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Òun ló sọ Hàkímù ní Gómìnà Kọ́bọ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Bó bá ń bọ̀ láti mọ́sálásí, wọ́n á kí i ní Gómìnà. Bó bá lọ ra epo, wọ́n á bi í bóyá owó báńkì rẹ̀ ló fẹ́ fi san án. Kò sí ẹni tó fi ṣe ìkà nínú wọn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ẹni tí wọ́n ń rín náà ń bá wọn rín in.

Lẹ́yìn tí Hàkímù fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Lukman jókòó sí fàráńdà wọn, ó ń yọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe, ó ń bi í pé ìgbà wo ni báńkì àpapọ̀ ní Abùjá máa ránṣẹ́ pè é. Hàkímù rín ẹ̀rín, ó ti àpótí rẹ̀ pa. Sùwéébátù tó ń ṣa ìrẹsì Ọ̀fàdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbójú sókè ní àsìkò náà gan-an, ó sì rí ojú ọkọ òun. Ẹnu rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó dun Sùwéébátù wọra. Ó wá yé e lọ́jọ́ náà pé ọkọ òun kò wá owó nínú àpótí yẹn mọ́. Ohun tó ń wá ni pé kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wò wá, kí ó sì sọ lójú gbogbo wọn pé Hàkímù kì í ṣe òmùgọ̀.

Kò sọ fún un. Ìbíwùnmí, ọmọ wọn tó wà lọ́kọ ní Èkó, ni ó pè. Ó ní kí ó bá òun wá ẹni tó ń ra owó àtijọ́ lórí fóònù rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìbíwùnmí fi pè padà pé òun ti rí Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ kan ní Abẹ́òkúta, pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, pé inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ ohun tí bàbá àwọn kó pamọ́, àti pé ó ń bọ̀ ní Sátidé.

Ẹ̀yin náà ẹ bá rí Hàkímù lọ́sẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n sọ fún un. Ó gé irun. Ó ní kí wọ́n bá òun lọ bùbá aláró òun. Ó kọjá lọ sọ́dọ̀ Lukman, ó ní kí ó má lọ síbi kankan ní Sátidé, kí ó wá jókòó ti òun. Lálẹ́, ó ń dá rẹ́rìn-ín lórí ẹní. Sùwéébátù ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, inú rẹ̀ ń dùn, ojú sì ń tì í fún gbogbo ìgbà tó ti jùwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hàkímù jáde lọ kírun. Sùwéébátù kò lọ sọ́jà. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ṣí àpótí náà láti wò bí ó ṣe rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Afẹ́fẹ́ Ibafo, tó ń mú kí èlùbọ́ máa bu, ti bá kọ́bọ̀ náà jà. Àwọn tí ọkọ rẹ̀ ṣà ní títì dúdú, wọ́n ti gbó. Àwọn tó wà nínú ọ̀rá pàápàá ti pọ́n rúsúrúsú, ọ̀rá fúnra rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewúro gbígbẹ. Ó ro àlejò tó ń ti Abẹ́òkúta bọ̀. Ó ro Lukman tó máa jókòó níbẹ̀ tí yóò máa wò. Ó ní ìyẹn kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú òun, òun tí òun ń sọ bàtà òkú òyìnbó di ọ̀tun.

Òótọ́ ni pé Hàkímù ti máa ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìbíwùnmí wà ní kékeré tí ó máa ń kó nǹkan ṣeré ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbà pé nítorí ọmọ ni.

Ó gbé ọpọ́n lọ sídìí kànga. Ó bu eérú láti ìdí ààrò, ó gé òróm̀bó wẹ́wẹ́ lé e, ó mú ọṣẹ ìfọyín tó fi ń fọ bàtà, ó mú wáyà ìfọkòkò. Ó fi abẹ la àwọn ọ̀rá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da kọ́bọ̀ inú wọn sínú omi. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbo wọ́n, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, títí ojú àgbàdo tí wọ́n yà sára àádọ́ta kọ́bọ̀ fi jáde dáadáa. Omi òróm̀bó ń ta á níbi tí èékánná rẹ̀ ti ya, kò kà á sí. Ó pẹ́ tí ó ti ṣe ohun kan fún ọkọ rẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Morádéyọ̀, aládùúgbò wọn tó ń bọ̀ láti àdúrà ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀ṣì, dúró wò ó. Ó ní, “Ìyá Ìbíwùnmí, èyí mà ń dán o. Wọ́n á rò pé góòlù ni.” Sùwéébátù ní ohun tí òun ń wá nìyẹn. Ó nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó tẹ́ aṣọ funfun sínú àpótí, ó tò wọ́n sórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà bó ṣe máa ń to bàtà, ó tì í pa, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò sọ nǹkan kan fún Hàkímù. Ó fẹ́ kí ó rí i lójú àlejò ni, kí orí rẹ̀ lè wú.

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ dé ní ọ̀sán Sátidé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó dọ̀bálẹ̀ fún Hàkímù kí ó tó jókòó. Ó mú ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jáde látinú báàgì rẹ̀, ó mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Lukman ń wo àwọn ohun èlò náà, kò lè ṣàwàdà mọ́. Ó bi í, ó ní ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń ra kọ́bọ̀ àná-àná yìí, tí kì í ṣe ti ayé Gẹ̀ẹ́sì.

Bádéjọ ní kí òun má purọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ṣe é láìmọye, ẹni tó bá sì kó èyí tó ti gbó, tó ti gba ọwọ́ ọlọ́jà kọjá, irin lásán ló kó pamọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Hàkímù.

“Ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, bàbá, tí ọwọ́ ò tíì kàn án, bó tiẹ̀ pọ́n, bó tiẹ̀ pàwọ̀ dà fúnra rẹ̀, ìyẹn là ń wá. A kì í rí i. Gbogbo wa la kọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó rò ó pé kóun fi díẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo tíì gbọ́ pé ó gbé e látinú báńkì tòun tọ̀rá rẹ̀.”

Hàkímù yíjú sí Lukman. Ó ní, “Ṣó o gbọ́?” Lukman ní òun gbọ́. Ní ojú ilẹ̀kùn tí Sùwéébátù dúró sí pẹ̀lú omi tútù lọ́wọ́, ó rí i tí èjìká ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù dé ilé. Bí ayé bá lè dúró síbẹ̀ yẹn, kò ní í bèèrè ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ohun tí àlejò náà sọ, kò tíì fẹ́ kí ó yé òun.

Hàkímù ṣí àpótí.

Kọ́bọ̀ náà kọ mànà lórí aṣọ funfun. Kò sí ọ̀rá kankan. Ọwọ́ Hàkímù dúró lórí ìdérí, kò gbé e sókè mọ́, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bádéjọ mú ẹyọ kan ní etí, ó gbé awò rẹ̀ lé e, ó wò ó pẹ́. Ó dá a padà, ó mú òmíràn. Àwọ̀ pupa tó wà láàárín ojú owó náírà méjì náà ti bó níbi tí wáyà gbà kọjá, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Kò nílò láti ṣàlàyé ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé fún Lukman tó bi í: ó ní ẹni tó bá ti fọ̀ ọ́ ti bó ojú rẹ̀ dànù, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà.

“Ta ló fọ̀ ọ́?” ni Bádéjọ wá bèèrè.

Hàkímù gbójú sókè. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lójú ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ sí ọwọ́ tó fi di ife omi mú, sí èékánná tí eérú ṣì wà nídìí rẹ̀.

“Èmi ni,” Hàkímù wí.

Bádéjọ kò fẹ́ gbà á gbọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin, bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n tó báyìí?”

“Èmi ni. Mo fẹ́ kó dán lójú àlejò.”

Ohun tó wà lọ́kàn Sùwéébátù gan-an nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún un rí. Lukman bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti há sí i lọ́fun láti ìgbà tí àlejò ti dé. Ó ní, “Gómìnà, ìwọ náà lo fọwọ́ ara rẹ wó báńkì rẹ.” Hàkímù bá a rín in. Bádéjọ ní kí òun mú mélòó kan, kí òun fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ojú àánú ló fi sọ ọ́. Hàkímù dúpẹ́, ó ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sìn ín dé etí títì márosẹ̀, ó dúró tì í títí ó fi rí ọkọ̀.

Nígbà tí ó padà, Sùwéébátù ti wà lórí eékún rẹ̀ nínú yàrá. Ó ń sunkún débi pé ọ̀rọ̀ ń já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní òun máa lọ sọ fún Lukman, òun máa sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ni, pé ọkọ òun mọ ohun tó ń ṣe. Hàkímù fà á dìde, ó ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

“Jẹ́ kí wọ́n máa fi èmi rín,” ó wí. “Èmi, ó ti mọ́ mi lára. Àti pé ẹjọ́ mi ni. Gbogbo ayé ni mo ṣàlàyé ẹ̀ fún. Mi ò jókòó kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ.”

Ìyẹn ló dun Sùwéébátù jù. Òun ni kò jókòó.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Ibafo. Wọ́n ní Gómìnà Kọ́bọ̀ ní ohun tó wọ́n lọ́wọ́, ó sì fi eérú fọ̀ ọ́ dànù. Ibi tí ó bá kọjá ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọjá lọ. Sùwéébátù á máa gbọ́, á di ètè rẹ̀ mú, nítorí pé ó ti ṣèlérí. Àpótí náà wà ní ibi tó wà. Hàkímù kò ṣí i mọ́. Bó bá gba ṣẹ́ńjì, kò wò ó, á kó o sápò.

Lẹ́yìn ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, Sùwéébátù tú bẹ́ẹ̀lì tuntun ní Mowe. Nínú aṣọ inú báàgì aláwọ̀ dúdú kan, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle. Owó onírin ni, ti ilẹ̀ òkèèrè kan tí kò mọ̀, ó dúdú, ó ti pẹ́, orí obìnrin kan wà lára rẹ̀ tí ìdọ̀tí fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó fi bébà rírọ̀ gbé e ní etí, bó ṣe ti rí ọkọ rẹ̀ tí ó máa ń gbé tirẹ̀, ó wé e, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti Mowe dé Ibafo, ó di ọwọ́ lé e nínú ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Èrò tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọkọ òun á gbé awò sójú, á bẹ̀rẹ̀ àlàyé, òun á sì jókòó lọ́tẹ̀ yìí, kódà bó bá di ọ̀la.

Ó bá a ní fàráńdà. Ó kúnlẹ̀, ó tú bébà náà síwájú rẹ̀, ó ní, “Bàbá Ìbíwùnmí, mi ò fọ̀ ọ́ o. Bí mo ṣe rí i nìyẹn. Ẹ sọ fún mi nípa ẹ̀.”

Hàkímù wò ó. Ó mú owó náà, kò mú un ní etí, àtẹ́lẹwọ́ ló fi gbá a mú. Ó gbé etí bùbá rẹ̀, ó tutọ́ díẹ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu owó náà. Sùwéébátù na ọwọ́ láti dá a dúró, ó dà bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ kò gùn tó. Hàkímù nù ún dáadáa, iwájú àti ẹ̀yìn, títí orí obìnrin náà fi yọ, tó ń dán. Lẹ́yìn náà ó fi í sí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ pa á dé.

“Ó ti mọ́ báyìí,” ó wí. “Mú un fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ.”